Bí mo ṣe gbin àjàgbọn láti inú kóró ní Òṣogbo

Orúkọ àjàgbọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ igi rẹ̀. Ìyá mi àgbà a máa dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn èso tí wọ́n jẹ ní kékeré, ṣùgbọ́n n kò rí ẹyọ kan tó dúró ní gbogbo àdúgbò tí mo ti gbé ní Òṣogbo. Èso rẹ̀ kò ṣòro rí, nítorí àwọn Hausa tó ń ta èròjà kúnú ní Sábó máa ń tà á, tsamiya ni wọ́n ń pè é. Igi rẹ̀ gan-an ló ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ìhà àríwá tí òjò kò ti pọ̀ ló ti wọ́pọ̀. Àáfà àdúgbò wa sọ fún mi pé tamr hindi ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, ìyẹn dàbínù Íńdíà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ Áfíríkà ni igi náà ti ṣẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, mo ṣa kóró tó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn tí ìyàwó mi ti se àjàgbọn fún kúnú, mo sì gbin 12. Ìwà òpè ni. Kóró tí iná ti sè kò lè hù mọ́, nígbà tí mo sì hú wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti rà tán.

Mo wá ra tútù, mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹran ara rẹ̀ lè bọ́, mo fọ kóró náà, mo sì sá a síbi òjìji. Mo gbin 20 bẹ́ẹ̀, méjì péré ló hù láàárín oṣù kan. Awọ kóró àjàgbọn le, ó ń dán, omi kì í tètè wọ̀ ọ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Nígbà tí mo tún gbin 20 mìíràn, mo kọ́kọ́ ha ẹ̀gbẹ́ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ilẹ̀ síméǹtì tí kò dán, ní òdìkejì ibi tí kóró ti so mọ́ èso, torí ibi tó ti so mọ́ èso yẹn ni ọmọ inú rẹ̀ tó ń hù wà, títí funfun inú rẹ̀ fi yọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ di òwúrọ̀. Èyí tó mu omi wú. Èyí tí kò wú, mo tún un ha. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni àkọ́kọ́ yọrí, 15 ló sì hù lápapọ̀.

Iyanrìn odò àti ilẹ̀dú ni mo pò pọ̀ lọ́gbọọgba. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni mo kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò àárín rẹ̀ ti kan ìsàlẹ̀ kí ewé tó pọ̀, ni mo bá ṣí gbogbo wọn sínú ọ̀rá tó jìn tó apá láti ìgúnpá dé ọwọ́. Lálẹ́, ewé rẹ̀ a máa pa dé bíi ti patanmọ́. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo sì ń bu omi sí i lálaalẹ́ títí ìdí mẹ́rin fi dúdú tí wọ́n sì kú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni mo gbin méjì sẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Báálẹ̀, mo sì jìnnà sí ilé àti kànga dáadáa, nítorí igi ńlá ni yóò dà. Mo pín ìyókù fún àwọn ọ̀rẹ́. Ewúrẹ́ jẹ orí ọ̀kan, ó yọ ẹ̀ka láti ẹ̀gbẹ́, mo sì fi ọparun sọgbà yí méjèèjì ká. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń bomi rin wọ́n; ní èkejì, n kò bu omi kankan sí i. Ewé díẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, òmíràn sì rú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.

Wọ́n ti ga dé àyà mi báyìí. Wọn kò tíì so, nítorí èyí tó bá ti inú kóró wá lè gba ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kóró gbígbẹ díẹ̀ ṣì wà nínú ìgò lọ́dọ̀ mi, mo sì ti ha mẹ́wàá sílẹ̀ fún òjò tó ń bọ̀.