Bí mo ṣe túmọ̀ iṣẹ́ abẹ oníyìnyín fún Màámi

Ìwé kan ni wọ́n ní kí Màámi buwọ́ lù, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Houston la wà, ní Amẹ́ríkà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni àyẹ̀wò gbé jáde, kókó kan ṣoṣo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ògbufọ̀ orí fóònù ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó ní, “Màmá, wọ́n fẹ́ sọ ẹ̀dọ̀ yín di yìnyín.” Màámi kọjú sí mi: “Àjọkẹ́, ṣé mo ti kú ni, tí wọ́n fẹ́ gbé mi sínú fírísà?”

Mo bẹ dókítà pé kó fún wa lọ́jọ́ méjì. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé èmi gan-an. Mo bi í léèrè ìdí tí wọn ò fi ní gé kókó náà kúrò. Ó ní kòkòrò hepatitis B ti bá ẹ̀dọ̀ náà jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dọ̀ ọ̀hún sì ti le. Tí wọ́n bá gé lára rẹ̀, èyí tó kù lè má tó Màámi lò. Iná ńkọ́, ṣebí mo gbọ́ pé wọ́n máa ń fi iná jó o? Ó ní iná ni wọ́n sáà ń lò jù fún ẹ̀dọ̀, àmọ́ kókó yìí sún mọ́ àpò òróòro. Yìnyín máa ń hàn kedere nínú àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní CT, wọ́n á lè rí ibi tó dé, wọ́n á sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Abẹ́rẹ́ gígùn tín-ín-rín ni wọ́n ń tì wọ inú ara. Afẹ́fẹ́ argon á tú jáde lójijì nínú orí abẹ́rẹ́ náà, ibẹ̀ á tutù kọjá sísọ, yìnyín á sì máa wú yí i ká bí ẹyin. Etí yìnyín náà ò lè pa jẹjẹrẹ, torí 0 °C péré ni. Inú lọ́hùn-ún, níbi tó ti dé −40 °C, ni ikú wà. Ìdí nìyẹn tí yìnyín fi gbọ́dọ̀ kọjá kókó náà yíká. Wọ́n á dì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, wọ́n á jẹ́ kó yọ́, wọ́n á tún dì í.

“Wọ́n á tún dì í” yẹn ló là mí lójú. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Màámi fi ta ẹja fírísà ní Bódìjà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ní: “Màámi, ẹja tó ti yọ́ tán, tí a tún dá padà sí fírísà ńkọ́?”

Wọ́n pòṣé. “Ìyẹn ti bàjẹ́. Tó bá tún yọ́, ara rẹ̀ á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, omi á máa ṣàn lára rẹ̀.”

Mo ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún kókó náà gan-an nìyẹn: omi inú ẹran ara á di yìnyín, yìnyín á ya ẹran ara náà láti inú.

Wọ́n dákẹ́, wọ́n ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. “Ẹ̀dọ̀ tó kù wá ńkọ́?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ya, kókó náà sì lè tún hù, níbẹ̀ tàbí níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi láti Ìbàdàn ní kí n má sọ ìyẹn. Mo sọ ọ́. Ara wọn ni.

Lọ́jọ́ ìbuwọ́lù, ilé ìwòsàn ò gbà kí ọmọ ṣe ògbufọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n wá ẹlòmíràn tó jókòó tì wá. Kó tó la ẹnu, Màámi ti ń ṣàlàyé ẹja fún un.

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n lò. Màámi sùn sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ kan, ìhà dùn wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Èmi náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún hepatitis B. Kò sí, mo bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹlẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn oṣù kan, dókítà fi àwòrán tuntun hàn wá, ojú ibi dúdú kan tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni a ó máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Màámi sún gíláàsì wọn sókè, wọ́n wò ó dáadáa.

“Ẹja yẹn,” ni wọ́n wí, “kò ṣeé tà mọ́.”