Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àkójọ Èròjà Ìkànnì Fún Design System

Design system ni àkójọ àwọ̀, lẹ́tà àti èròjà (bíi bọ́tìnnì) tí gbogbo ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan jọ ń lò. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní ìkànnì mẹ́ta, tí wọ́n fi React kọ ọ̀kan, tí wọ́n fi Vue kọ èkejì (irinṣẹ́ JavaScript ni méjèèjì), tí ẹ̀kẹta sì jẹ́ HTML lásán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò kọ bọ́tìnnì kan náà, kò sì ní pẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi ní bára mu mọ́. Web Components, ìyẹn èròjà HTML tí a fúnra wa dá sílẹ̀ tí a sì sọ lórúkọ, yọ wá nínú wàhálà yìí, nítorí pé aṣàwákiri fúnra rẹ̀ ló mọ̀ wọ́n; láti ọdún 2020 tí Edge tuntun ti dé, gbogbo aṣàwákiri tó gbajúmọ̀ ló ń gbà wọ́n.

Ẹ má ṣe ti orí bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀, ìwọ̀n lẹ́tà àti àlàfo tí gbogbo èròjà yóò máa lò ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sínú fáìlì CSS (èdè tó ń ṣètò ìrísí ìkànnì) kan. Ẹ fi iṣẹ́ wọn sọ wọ́n lórúkọ: --awo-ikilo dára ju --awo-pupa lọ, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ìkìlọ̀ di àwọ̀ ọsàn, orúkọ kejì yóò di irọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ èròjà kékeré kan ṣoṣo. Lit, àkójọ kóòdù JavaScript tí Google gbé jáde fún irú èròjà yìí, a máa mú iṣẹ́ náà yá, ṣùgbọ́n JavaScript lásán náà tó. Dandan ni kí orúkọ èròjà ní àmì (-) nínú, bíi ile-botini. A kò lè forúkọ kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ fi customElements.get wò ó bóyá ó ti wà kí ẹ tó pe customElements.define tó ń forúkọ sílẹ̀.

Shadow DOM, ìyẹn inú èròjà tí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù ojú ewé, ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ògiri ni: CSS ìkànnì tó gba èròjà yín lálejò kò lè wọlé da inú rẹ̀ rú, tiyín náà kò sì lè jáde lọ ba tiwọn jẹ́. Àwọn iye tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú -- ń kọjá nínú ògiri náà, ìdí nìyẹn tí a fi kọ́kọ́ kọ wọ́n. Ẹ lè fi part (àmì tí ẹ ń kọ sára apá kan kí CSS ìta lè dé ibẹ̀) ṣí apá mìíràn sílẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó, ṣùgbọ́n kó mọ níwọ̀n, torí apá tí ẹ bá ti ṣí, ẹ kò lè yí i padà mọ́ láìba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Ògiri náà a sì máa dí ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ lọ́wọ́: bọ́tìnnì inú rẹ̀ kì í fi fọ́ọ̀mù tó wà níta ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, àfi kí ẹ lo formAssociated àti attachInternals tó ń so èròjà mọ́ fọ́ọ̀mù, ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ bá sì fúnra yín dá sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò ní jáde bí ẹ kò bá fún un ní bubbles (kó lè gòkè láti inú èròjà) àti composed (kó lè la ògiri kọjá).

Ẹ to èròjà kọ̀ọ̀kan sínú Storybook, irinṣẹ́ tí a fi ń wo èròjà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi bọ́tìnnì Tab orí kíbọọ̀dù rìn án já. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni èmi fi ń dán tèmi wò. “Submit” kò lè fi àléébù kankan hàn, ṣùgbọ́n “Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́” ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Bí line-height (gíga ìlà ọ̀rọ̀) bá há, tí overflow (ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tó bá yọ síta àpótí) sì wà ní hidden, gígé ni yóò gé wọn. Unicode kò tilẹ̀ ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹ àti àmì ohùn ni a so pọ̀, fóńtì tí kò mọ èyí yóò sì gbé àmì náà síbi tí kò yẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e sórí npm, ibi tí a ń kó kóòdù JavaScript sí fún àwọn ẹlòmíràn, bí ẹ bá yí orúkọ attribute (ìtọ́ka tí a ń kọ sára èròjà nínú HTML) kan padà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ gbé sókè, kí 1.4.2 di 2.0.0, bó bá jẹ́ àtúnṣe àléébù lásán, 1.4.3 ti tó.