Géèjì méjì ń parọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Golf 2 àtàwọn mọ́tò tó ti dàgbà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Volkswagen Golf 2 ni mò ń wà, ti ọdún 1990, tí n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná fún un kò sí wàhálà, àmọ́ tí n bá ti wà á tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí géèjì tẹ́ḿpírétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ síbi pupa, ìyẹn nìkan kọ́ o, géèjì epo náà á máa gòkè, lítà mẹ́wàá péré ni mo rà lánàá ó ń sọ fún mi pé táńkì ti ju ààbọ̀ lọ. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ó ti fọ rédíétọ̀, ní báyìí ó ní top gasket, ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀, ló jó, ká tú ẹ́ńjìnnì. Owó yẹn ò sí lọ́wọ́ mi rárá.

Ìdáhùn: Àbúrò, sọ fún un kó gbé spánà ẹ̀ sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ epo tó o fi parí yẹn gan-an ni mo dì mú. Top gasket tó jó lè mú kí mọ́tò gbóná lóòótọ́, àmọ́ ṣé òun náà ló ń bu epo sí táńkì fún ẹ ni? Tí géèjì méjì bá ń ṣìwà hù lẹ́ẹ̀kan náà, má bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣẹjọ́, ibi tí wọ́n ti jọ ń jẹun ni kó o lọ wò.

Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù Golf 2 régúlétọ̀ kékeré kan wà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, skúrù kan ṣoṣo ló dè é mọ́bẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gba iná bátìrì kó sọ ọ́ di 10 volt, kó wá fi bọ́ géèjì epo àti ti tẹ́ḿpírétọ̀. Iná mọ́tò kì í dúró sójú kan, tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́ wàá bá 12 àti díẹ̀, tó bá ń ṣiṣẹ́ tí alternator ń cháàjì á súnmọ́ 14, tí kò bá sí ẹni tó ń dá a dúró ní 10, bí iná bá ṣe ń lọ sókè náà ni ọwọ́ géèjì á máa tẹ̀ lé e. Tí régúlétọ̀ yẹn bá wá bàjẹ́ tó ń jẹ́ kí gbogbo iná kọjá, mọ́tò á máa "gbóná", epo á sì máa "pọ̀ sí i", lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan.

Ṣùgbọ́n kó o tó gbà mí gbọ́, kọ́kọ́ rí i dájú pé mọ́tò ò gbóná lóòótọ́ o. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ á fi dé pupa, kó o wá wò ó, ṣé fáànù rédíétọ̀ ń tan tó sì ń pa ara ẹ̀, ṣé omi ń hó nínú ike, ṣé ò ń bu omi sí i láràárọ̀? Má ṣí ìdérí omi nígbà tó bá gbóná, mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó bó lápá dé ìgúnpá. Tí gbogbo ẹ̀ bá pa rọ́rọ́, á jẹ́ pé géèjì ló ń parọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ó yá, tan iná iwájú, kó o gbé fáànù inú mọ́tò sókè dé ìparí. Tí ọwọ́ géèjì méjèèjì bá fò bó o ṣe ń tan iná yẹn, ẹ́ẹ̀tì dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sára bọ́dì, ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Wáyà búráùn ni àwọn ará Jámánì fi ń ṣe ẹ́ẹ̀tì, wá ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ bọ́dì, ó sábà máa ń dógùn-ún, tú u, fi sáńpépà ha á, dè é padà. Kò ná ẹ ní kọ́bọ̀.

Tí kì í bá ṣe ẹ́ẹ̀tì, yọ orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, tú dáṣíbọ́ọ̀dù, yọ kébù spídómítà lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wàá rí ọ̀rá tín-ínrín kan tí wọ́n tẹ ojú ọ̀nà kọ́pà sí, má fipá fa sókẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀ o, Golf 2 tó kéré jù láyé báyìí ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ọ̀rá yẹn á já mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni. So sókẹ́ẹ̀tì àti bátìrì padà, ṣí kọ́kọ́rọ́, fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí DC 20. Wáyà dúdú mítà sí ẹsẹ̀ àárín régúlétọ̀, òun ni ẹ́ẹ̀tì, nínú méjì tó kù iná bátìrì ń gba ọ̀kan wọlé, 10 ń gba ìkejì jáde. Tó o bá rí 9.5 sí 10.5 níbi tó ń gbà jáde, kò jẹ̀bi. Tó o bá rí 12, tàbí tí nọ́ńbà yẹn ń gòkè bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ ti tẹ olè. Kó o tó dájọ́ fún un ṣáá, fún skúrù ẹ̀ pọ̀, tó bá dẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, èsì kan náà lo máa rí. Tó o bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, mú mítà ẹ dání.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní ṣubú! 12.6 ni mo bá níbi tó yẹ kó jẹ́ 10, mo ti pààrọ̀ ẹ̀, epo ti ń sọ òótọ́. Àmọ́ tẹ́ḿpírétọ̀ ò kúrò nísàlẹ̀ mọ́ báyìí, nínú gó-síló ó máa ń gbìyànjú díẹ̀, tí n bá ti bọ́ sí ẹsipírẹ́ẹ̀sì ńṣe ló ń sùn padà.

Ìdáhùn: Lọ bi mẹkáníìkì ẹ bóyá ó ti yọ thermostat, kó o wo ojú ẹ̀ tó bá ń dáhùn. Nílẹ̀ wa níbí, mọ́tò tó bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, thermostat ni wọ́n máa kọ́kọ́ jù sígbó, wọ́n ní òyìnbó ṣe é nítorí òtútù. Òun ló ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná tó bó ṣe yẹ, tí kò bá sí i, omi á kàn máa yí lọ yí bọ̀, tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ sí rédíétọ̀ lórí eré ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó, epo tó ń mu á sì pọ̀ sí i. Géèjì ẹ ò parọ́ nìyẹn, irọ́ tí régúlétọ̀ ń pa tẹ́lẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Dá thermostat padà.

Tó bá ní òun ò yọ ọ́, fa wáyà géèjì kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, ṣí kọ́kọ́rọ́, fi ẹnu wáyà yẹn kan bọ́dì bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, má jẹ́ kó pẹ́. Tí ọwọ́ bá sáré gòkè, géèjì àti wáyà dáa, sẹ́ńsọ̀ ni. Tí kò bá mira, wáyà ti já tàbí géèjì ti kú. Kó o sì mọ̀ pé inú omi ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ti ń wọ̀n ọ́n, bí omi bá ti tán tó jẹ́ afẹ́fẹ́ ló yí i ká, ó lè máa sọ pé kò gbóná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, Peugeot 504 tí mo ti ń wà látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni. Ọwọ́ spídómítà ẹ̀ ń jó, láàárín 40 sí 80 ni, ó sì ń ké bí ìrẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé o Bàbá, ẹ sì kú ìtọ́jú ẹ̀. Kébù ni sà. Láti gíábọ́ọ̀sì ló ti ń yí wá, ó ti gbẹ tàbí ó ti ká níbì kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ pa á, àmọ́ kí wọ́n má fi sí apá òkè tó wọnú spídómítà torí gíríìsì á gùn wọlé á sì ba ohun tó wà nínú ẹ̀ jẹ́. Tí kébù bá ti tẹ̀ kọdọrọ, tuntun ni kẹ́ ẹ rà.

Ìbéèrè: Epo mi máa ń dúró ní ààbọ̀ fún ọjọ́ méjì, á wá já bọ́ sí E lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdáhùn: Flóútà inú táńkì ni, ìyẹn ohun tó ń léfòó lórí epo tó ń sọ iye tó kù fún géèjì, ojú ọ̀nà tí apá ẹ̀ ń gùn ti jẹ níbì kan. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tàbí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù ni ìdérí ẹ̀ máa ń wà. Yọ bátìrì, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá ríwáyà, Golf 2 tèmi náà, tó bá ti gbóná tí mo tẹ ẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kọjá ìgbà 2000 ní ìṣẹ́jú kan, iná ọ́ìlì á máa ṣẹ́jú, ohun kan á sì máa ké píì. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé wáyà ẹ̀ pé géèjì Golf máa ń parọ́.

Ìdáhùn: Rárá o! Ti ọ́ìlì yàtọ̀, gbà á gbọ́ ná títí wàá fi rí ẹ̀rí. Pa ẹ́ńjìnnì, fa géèjì ọ́ìlì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, yọ, kó o wo ibi tí ọ́ìlì dé lára ẹ̀. Mọ́tò yẹn ní swíìṣì ọ́ìlì méjì. Bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì. Èyí tó wà lára orí ẹ́ńjìnnì ń wo 0.3 bar, èyí tó wà níbi fílítà ń wo 1.8 bar, tí eré ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá nǹkan bíi 2000 tí èyí ti fílítà ò rí 1.8 ẹ̀ ló ń ké. Lóòótọ́, tí wáyà swíìṣì 1.8 yẹn bá ti bọ́ tàbí já, ó máa ké lásán, nítorí náà wo ibẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tí wáyà bá dáa, jẹ́ kí wọ́n yọ swíìṣì kan, kí wọ́n fi géèjì ọ́ìlì onírin tí wọ́n ń fi ọwọ́ dè sí i, kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ wo iye bar tó wà ní 2000. Tí kò bá tó 1.8, pọ́ńpù tàbí bíárìn ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yẹn. Ti 0.3 bar wá yàtọ̀ síyẹn o, tí wọ́n bá gé wáyà tiẹ̀, iná ọ́ìlì ò ní tàn mọ́ nígbà tí eré ẹ́ńjìnnì bá kéré, bí ọ́ìlì tiẹ̀ tán pátápátá. Tó o bá ṣí kọ́kọ́rọ́ lọ́la tí iná pupa yẹn ò kọ́kọ́ tàn kó tó kú, ẹnì kan ti débẹ̀ ṣáájú ẹ nìyẹn, má ṣíná.