Ẹ má jù 1098-T nù: bí a ṣe ń gba ẹ̀dínwó owó orí ilé-ẹ̀kọ́ gíga l'Amẹ́ríkà

Lóṣù kìíní ọdọọdún ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga l'Amẹ́ríkà máa ń fi fọ́ọ̀mù 1098-T, ìwé tó ń sọ iye owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n san, ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kì í tiẹ̀ ṣí i wò. Bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn lè gbé $2,500 wọlé.

Oríṣi ẹ̀dínwó méjì ló wà. American Opportunity ló sanra jù: ó tó $2,500 lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́. Kódà bí ẹ kò bá jẹ owó orí kankan, $1,000 nínú ẹ̀ lè wọ àpò yín. Lifetime Learning kò ju $2,000 lọ lórí fọ́ọ̀mù owó orí kan, iye ọmọ yòówù kó wà níbẹ̀, kì í sì í fúnni lówó lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe másítà tàbí tó ń gba kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wúlò fún.

Ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ náà sórí fóònù. Èmi kì í ṣírò fún ẹnikẹ́ni kí n tó gbọ́ tẹnu ọmọ. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lè ti fáìlì (ìyẹn ni pé ó ti fi fọ́ọ̀mù owó orí ránṣẹ́) tiẹ̀ lórí fóònù, kó sì ti tẹ̀ ẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ bùkátà òun, torí $200 tó fẹ́ gbà padà. Bàbá ẹ̀ á wá fáìlì lóṣù kẹta, IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, á ní wọ́n ti lo nọ́ńbà Social Security ọmọ yẹn. Òbí tó bá kọ ọmọ sórí fọ́ọ̀mù ló ni ẹ̀dínwó, ìbáà jẹ́ ọmọ ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ó tọ́ sí yín. Fún American Opportunity, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa lépa ìwé-ẹ̀rí, kó gba ó kéré tán ìdajì iye kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà fún sẹ̀mẹ́sítà kan, kí wọ́n má sì tíì gbà á lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí owó tó ń wọlé fún ẹni tó ń dá fáìlì bá ti kọjá $80,000, ẹ̀dínwó á máa dín kù. Ní $90,000 ó tán. Ti tọkọtaya tó jọ fáìlì jẹ́ $160,000 sí $180,000. Tọkọtaya tó fáìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ẹ fetí sílẹ̀: fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, 1040-NR (fọ́ọ̀mù ẹni tí òfin owó orí kò kà sí olùgbé Amẹ́ríkà) lẹ sábà máa ń fáìlì, ẹ̀dínwó yìí kò sì sí níbẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá tó ní òun gbà á. Ẹni tó bá gbà á láìbìkítà fún òfin, IRS lè fòfin dè é fún ọdún méjì. Tó bá jẹ́ jìbìtì, ọdún mẹ́wàá.

Ó kan ìṣirò American Opportunity. Ẹ yọ àpótí 5 (sikọ́láṣíìpù) kúrò nínú àpótí 1 (owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n san) lórí 1098-T. Owó tẹ́ ẹ yá san wà nínú ẹ̀; owó yàrá, oúnjẹ àti ọkọ̀ kò sí. Ká ní àpótí 1 jẹ́ $6,000, àpótí 5 jẹ́ $3,000: ó ku $3,000. $2,000 àkọ́kọ́ ẹ gbà pé, ìdámẹ́rin $1,000 tó kù jẹ́ $250, àpapọ̀ $2,250. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà $500 tí ọmọ rà fún kọ́ọ̀sì ẹ̀ kì í sí lórí 1098-T, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kẹ́ ẹ kà á mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ di $2,375. Rìsíìtì ẹ̀ ṣì wà nínú ímeèlì ọmọ, ẹ ní kó wá a.

Fọ́ọ̀mù 8863 lẹ máa fi kún 1040, ìyẹn fọ́ọ̀mù owó orí yín, pẹ̀lú EIN (nọ́ńbà owó orí) ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lórí 1098-T. Ẹni tó gbàgbé lọ́dún tó kọjá ṣì lè fi 1040-X tún un ṣe láàárín ọdún mẹ́ta tó fáìlì.