Bí mo ṣe yọ ìlà wẹ́wẹ́ àti ibi tó họ kúrò lára Camry dúdú

Mọ́tò dúdú kì í bo àṣírí. Ẹ gbé e sábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń kọ mọ̀nà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó yí ibẹ̀ po bí òwú aláǹtakùn. Àwọn ìlà náà kì í ṣe róbótó ní ti gidi. Wọ́n lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, àmọ́ àwọn tó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tàn sójú wa. Aṣọ gbígbẹ tí à ń fi nu eruku ọyẹ́ láàárọ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Fóòmù ká-wọ́ọ̀ṣì tó ti gba iyanrìn lára mọ́tò mẹ́wàá ló tẹ̀ lé e.

Mo kọ́kọ́ wọn bí pẹ́ǹtì ṣe nípọn tó. Pẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) lápapọ̀, kílíà, ìyẹn ìpele aláìláwọ̀ tó wà lókè, sì máa ń jẹ́ bíi 40 sí 50 nínú rẹ̀. Kílíà yìí gan-an la ó máa fá díẹ̀díẹ̀, kì í sì í hù padà. Ibi tó bá ka 200 sókè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún un kùn, tòkunbọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ ò sì níye. Ibi tó bá ka 80 sísàlẹ̀, n kì í fọwọ́ kàn án.

Nọ́ńbà àwọ̀ wà lára òpó ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, níwájú ibi tí wọ́n kọ C/TR sí. Ti mọ́tò yìí jẹ́ 202, dúdú Toyota tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ó rọ̀ gan-an, òmíràn nínú wọn ò sì ní kílíà rárá. Bí kọ́ńpáùndì, ìyẹn ìpara ìdán tó ń fá ojú pẹ́ǹtì, bá sọ aṣọ funfun di dúdú, irú èyí lẹ ń ṣe. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ kàn dín ọwọ́ kù ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo fi èékánná dábùú ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí èékánná bá kọjá lórí rẹ̀ láìkọ́, máṣíìnì tí a fi ń dán mọ́tò á mú un. Èyí tó bá kọ́ ọ, mo máa ń da omi sí i: bó bá pòórá nígbà tó tutù, inú kílíà ló ṣì wà. Bó bá ṣì ń funfun tàbí tó rí bí eérú lábẹ́ omi, ó ti dé pàráímà, ìyẹn pẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọ̀, kò sí kọ́ńpáùndì tó lè ṣe é.

Fífọ̀ ò gba àlàyé púpọ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan fóòmù. Kerosíìnì díẹ̀ ni mo fi yọ ọ̀dà títì tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, mo sì tún ibẹ̀ fọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ki ọwọ́ bọ ọ̀rá nylon, mo fi í rìn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ń rin gbúngbùn-gbúngbùn, ìyẹn ni pé ìdọ̀tí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Clay bar, amọ̀ rírọ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí, àti omi ọṣẹ ló yọ ọ́. Bí clay bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Iyanrìn tó gbé ti tó láti tún mọ́tò náà họ.

Máṣíìnì DA ni mo lò, èyí tó ń yí tó sì ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ń lò, tó ń yí sójú kan pẹ̀lú irun àgùntàn, yára lóòótọ́, àmọ́ ó ń gbóná, ó sì máa ń fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́ ibòji ni mo ti ṣe é, nítorí nínú oòrùn kọ́ńpáùndì á gbẹ di lẹ́búlẹ́bú kó tó ṣiṣẹ́. Iná tún ṣe pàtàkì: máṣíìnì náà ń jẹ bíi 900 wáàtì, I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé e. Bí iná bá sì rẹlẹ̀, fóòmù tó wà lẹ́nu rẹ̀ á máa gbọ̀n láìyí, kò ní gé nǹkan kan. Mo fi máákà fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo fóòmù, kí n lè máa rí i bó ṣe ń yí.

Mo fi téèpù yọ ibi kan sọ́tọ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, 40 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọ̀ jù: kọ́ńpáùndì Meguiar's M205 lórí fóòmù rírọ̀. Ẹ̀kán mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó hóró ẹ̀wà. Mo fi fóòmù tọ́ ọ káàkiri kí n tó tan máṣíìnì, kó má baà ta sára aṣọ. Spíìdì 1 ni mo fi tẹ́ ẹ, 4 sí 5 ni mo fi ṣiṣẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn tuntun ń gun ìdajì ti ìṣáájú, lóròó lẹ́ẹ̀kan, níbùú lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń sáré nìyí, tí wọ́n á wá ní kọ́ńpáùndì ni ò dára.

Ẹ má tíì gba dídán rẹ̀ gbọ́. Òróró inú kọ́ńpáùndì ń dí ojú ìlà. Bẹ́ ẹ bá fọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ á tún yọjú. Ìwọ̀n ọtí isopropyl 70% kan mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́rin ni mo fi nu ibẹ̀, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́. M205 tó fún àwọn ilẹ̀kùn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ní láti kọ́kọ́ gba M105, tó le ju M205 lọ, lórí fóòmù líle, kí M205 tó tẹ̀ lé e. M105 tètè ń gbẹ nínú ooru wa, torí náà 30 sẹ̀ǹtímítà ni mo ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn fóòmù lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan, nítorí pẹ́ǹtì tó ti fá ń kóra jọ síbẹ̀, ó sì ń fa ìlà tuntun.

Etí ilẹ̀kùn àti ibi tí páànù ti ṣẹ́po ni pẹ́ǹtì ti fẹ́lẹ́ jù: mo fi téèpù bò wọ́n. Bọ́ḿpà jẹ́ rọ́bà, ooru kì í jáde lára rẹ̀ bíi ti irin, nítorí náà n kò dúró pẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ṣe ẹ̀yìn ọwọ́ ilẹ̀kùn tí èékánná ti họ.

Ìlà kọ́kọ́rọ́ kan wà lórí búùtù tó ń kọ́ èékánná díẹ̀, tó sì ń pòórá nínú omi. Mo rẹ sán-pépà nọ́ńbà 2000, èyí tó kúnná gan-an, sínú omi ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15, mo fi rọ́bà kékeré tì í lẹ́yìn, mo fà á nígbà díẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo, mo ń nu ún wò. Nígbà tí ìlà náà ku fẹ́ẹ́rẹ́, n kò lé e mọ́. Mo bọ́ sí 3000, lẹ́yìn náà M105. Ẹni tó bá ní kó tán pátápátá lè fá kílíà tán níbẹ̀. Èyí tó dé pàráímà lára fẹ́ńdà, pẹ́ǹtì 202 ni mo fi igi ìtayín kán sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ó bo funfun rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn á ṣì rí i.

Sealant fẹ́lẹ́, èyí tó ń dáàbò bo pẹ́ǹtì, ló kẹ́yìn, mo sì fi aṣọ microfiber tuntun nu ún kúrò. Mo fọ àwọn fóòmù lójú ẹsẹ̀ kí kọ́ńpáùndì tó gbẹ sí wọn, mo sì dojú wọn dé kí omi lè ro kúrò níbi tí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ máṣíìnì.