Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sàlẹ́ńsà: ẹ yẹ fáàfù wò kí ẹ tó ra pọ́ǹpù

Iná check engine tàn, scanner kọ kóòdù P0410 tàbí P0411 (pé ètò afẹ́fẹ́ yìí ní ìṣòro), rìwáyà sì ní kí ẹ lọ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́. Ẹ dúró ná. Pọ́ǹpù yẹn kì í sábà ṣàdédé kú. Fáàfù tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń pa á. Bí ẹ bá ra pọ́ǹpù tuntun tí ẹ fi fáàfù àtijọ́ sílẹ̀, tuntun náà á kú.

Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ bá ṣíná Golf 1.8T tàbí Mercedes C-Class àtijọ́ láàárọ̀ kùtù, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń han bíi bíléńdà nínú yàrá kejì. Á han fún bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, á sì dákẹ́. Pọ́ǹpù náà nìyẹn. Ẹ́ńjìnì tutù ń gba epo púpọ̀, gbogbo rẹ̀ kì í sì í jó tán. Pọ́ǹpù á fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun sẹ́nu ibi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnì, níbi tí ooru pọ̀ sí, èyí tó ṣẹ́kù nínú epo á sì jó níbẹ̀. Èéfín olóró á dín kù, catalyst, ìyẹn ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ nínú sàlẹ́ńsà, á sì tètè gbóná. Catalyst tí kò tíì gbóná tó bíi 250 sí 300 digírì kò wúlò.

Fáàfù ọlọ́nà-kan ló wà láàárín pọ́ǹpù àti sàlẹ́ńsà: kí afẹ́fẹ́ kọjá, kí èéfín má padà. Epo tó bá jó máa ń mú omi jáde. Òun lẹ ń rí tó ń kán nídìí sàlẹ́ńsà láàárọ̀. Bí fáàfù bá ti bàjẹ́, oru omi yẹn á gba inú họ́ọ̀sì padà, á di omi nínú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á dógùn-ún. Ọkọ̀ tí kì í rìn ju Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀ lọ ni èyí ń bá jà jù, torí sàlẹ́ńsà rẹ̀ kì í gbóná pẹ́ tó kí omi gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí pọ́ǹpù kò bá dún, ẹ wo fíúsì rẹ̀. Ńlá ni, 40 tàbí 50 ampere ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ yọ wáyà lára pọ́ǹpù, ẹ fi test light sí i bí ẹnì kan ṣe ń ṣíná. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, rílè (súìṣì tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù) tàbí wáyà ni. Bí iná bá dé, ẹ fi wáyà tó nípọn, tó ní fíúsì 40 lára, so pọ́ǹpù mọ́ bátìrì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Èyí tó bá kọ̀ tí kò yí ti há. Ẹ tú u, ẹ dorí ẹ̀ kodò: bí omi pupa bá dà jáde, ẹjọ́ ti tán.

Ó wá kan fáàfù. Kí ẹ́ńjìnì tutù, kí ẹ tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì ti ìka bọ inú họ́ọ̀sì náà. Bí ìka bá jáde ní dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín ti ń padà. Ẹ tú fáàfù, ẹ nù ún, ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ: ó yẹ kó gbà láti ìhà pọ́ǹpù, kó sì kọ̀ láti ìhà sàlẹ́ńsà. Irú tó ní họ́ọ̀sì tín-ín-rín lórí yàtọ̀ o. Pípa ló ń wà níhà méjèèjì títí ẹ ó fi fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ jáde níbi họ́ọ̀sì kékeré yẹn. Ẹ wo họ́ọ̀sì kékeré náà dáadáa, ooru máa ń là á, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Bí gbogbo èyí bá pé tí P0411 ṣì ń yọ, èédú ti dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ fi wáyà ro ó.

Àwọn ọkọ̀ kabúrétọ̀ ńkọ́? Bẹ́lìtì ló ń yí pọ́ǹpù tiwọn. Àwọn ọkọ̀ 1966 tí wọ́n ṣe fún California ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí. Bí sàlẹ́ńsà bá ń yìnbọn nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, fáàfù tó ń darí afẹ́fẹ́ síta ni kí ẹ fura sí.

Ẹ má fi fáàfù tó ń jò sílẹ̀ o. Èéfín tó ń tú sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lè wọlé bá yín, èéfín yẹn ń pààyàn. Bí rílè bá sì lẹ̀ tí pọ́ǹpù kò dákẹ́, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo èéfín á rò pé epo kò tó, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á máa da epo sí i.

Tí ẹ bá ń ra pọ́ǹpù tòkunbọ̀ ní Aráròmí ní Gate, ẹ dorí ẹ̀ kodò, ẹ so ó mọ́ bátìrì kí ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n fáàfù àti gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tuntun ni kí ẹ rà. Ẹ fọ họ́ọ̀sì, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ọkọ̀ tún sùn mọ́jú kí ẹ tó tẹ́tí sí i. Ọkọ̀ tó ṣì gbóná kì í pe pọ́ǹpù náà.