Bí mo ṣe kọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ mọ́ bébà, ẹ̀rí àti itọ́ ẹnu

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ kan ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, ni ó ní kí n bá òun ṣe ìwé pélébé kan tí yóò fi èdè Yorùbá ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun láàmú nínú àyọkà. Àwọn olùkọ́ ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bá wọn pàdé, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan rárá: paper, proof àti drool. Àwọn mẹ́ta yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti há sórí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí ni ìwé, ẹ̀rí àti itọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ń ṣì wọ́n lọ́nà.

N kò kọ ìtumọ̀ kankan títí mo fi kó gbólóhùn jọ. Mo yẹ àwọn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wò, mo yẹ ìwé ìròyìn wò, mo tún ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ọtí àti èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni mo kọ sórí káàdì tirẹ̀, mo sì to àwọn káàdì náà ní ìdì ní ìdì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nínú gbólóhùn, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà wọn ṣe jọra. Ìgbà tí ìdì náà bá ti dúró ni mo tó ń wá ohun tí Yorùbá ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Paper kò gba àkókò púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a ń kọ nǹkan sí, tàbí èyí tí wọ́n fi ń di àkàrà, bébà ni mo kọ, mo sì fi tákàdá tì í nítorí àwọn àgbà tí ó ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Paper ti inú gbọ̀ngàn ìdánwò, irú Paper 1 àti Paper 2, jẹ́ ìpín ìdánwò. Èyí tí onímọ̀ kà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpilẹ̀kọ. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìkóríta láàárọ̀ jẹ́ ìwé ìròyìn. Bí ó bá wá di papers, ìwé àṣẹ ni, pàápàá ìwé ìgbélùú. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní London àti ní Houston kò nílò àlàyé lórí èyí, nítorí pé ẹni tí kò ì tí ì gba ìwé níbẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ìdí kejì tí mo fi dúró díẹ̀ lórí paper ni foolscap, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ bíi fullscap, bí ẹni pé ó ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ó kún. Fìlà aláwàdà ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣe bébà ní Yúróòpù láyé àtijọ́ máa ń fi àmì irú fìlà yìí sínú bébà wọn, ẹni tí ó bá sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ yóò rí i.

Proof ni ó gba káàdì jù lọ. Ẹ̀rí bá apá kan rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò bá ti kóòtù mu délẹ̀. Ní kóòtù, evidence ni ohun tí ẹlẹ́rìí sọ tàbí ìwé tí wọ́n gbé síwájú adájọ́. Proof ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti tó láti jẹ́ kí adájọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011 béèrè pé kí a fi ìdí ẹ̀sùn ọ̀daràn múlẹ̀ kọjá iyèméjì tí ó mọ́gbọ́n dání, kò sì sọ pé kí ẹ̀rí ṣáà ti wà. Nítorí náà, mo fi ẹ̀rí sílẹ̀ fún evidence, mo sì kọ ìfìdímúlẹ̀ fún proof.

Àwọn káàdì tí ó kù kò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ, àfi ìgbà tí mo padà sí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Látìn, níbi tí probare ti túmọ̀ sí kí a dán nǹkan wò. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ já síra. Níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti lo prove nínú lẹ́tà kìn-ín-ní sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí karùn-ún, wádìí ni Bíbélì Yorùbá lò níbẹ̀, àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sì gbọ́n. Proof ti ara ìgò ọtí náà kò yàtọ̀. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a da ọtí sí ẹ̀tù ìbọn, wọ́n a ṣáná sí i, bí ẹ̀tù náà bá sì ṣì gbiná, ọtí náà yege nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ìlọ́po méjì ìdá ọtí líle tí ó wà nínú ìgò ni nọ́ńbà náà, tí ó fi jẹ́ pé ìgò tí wọ́n kọ 80 proof sí ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. (Ògógóró tiwa kì í sábà ní nọ́ńbà lára, ọ̀fun ẹni tí ó mu ún ni ó ń dán an wò.) Àwọn oníbúrẹ́dì náà ń pe àkókò tí ìyẹ̀fun pípò fi ń wú ní proof, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mọ̀ bóyá ìwúkàrà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ti waterproof, fireproof àti bulletproof, ohun tí a ti dán wò tí omi, iná tàbí ọta kò rí nǹkan fi ṣe ni. Inú mi dùn sí bulletproof, nítorí pé Yorùbá ti ní ayẹta nílẹ̀: orúkọ oògùn ni tẹ́lẹ̀, àwọn oníròyìn sì ń fi í pe ẹ̀wù àwọn ọlọ́pàá báyìí.

Ó wá kan itọ́. Drool ni kí itọ́ máa dà lẹ́nu láìjẹ́ pé ènìyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi ti ọmọ tí ó ń hu eyín. Ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń lò, nítorí pé itọ́ tí ó ṣàdédé ń dà láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, tí ojú sì wọ́, lè jẹ́ àmì àrùn rọpárọsẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan drool lórí mọ́tò olówó ńlá, kò sí itọ́ níbẹ̀. Mọ́tò náà ń dá a lọ́fun tòlótòló ni. Dribble ni kí ó máa kán díẹ̀díẹ̀. Inú drivel ni àwọn onímọ̀ gbà pé drool ti súyọ, ṣùgbọ́n ìsọkúsọ ni drivel fẹ́rẹ̀ẹ́ túmọ̀ sí tán lónìí.

Slaver ni mo kìlọ̀ lé lórí jù. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń kọ lẹ́tà kan náà: ti àkọ́kọ́, tí a ń pe a inú rẹ̀ bíi ti have, ni ti ajá dìgbòlugi tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ti èkejì, tí a ń pè bíi slave, ni oníṣòwò ẹrú tàbí ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrú. Ìtàn Àjàyí Crowther ni mo fi ṣe gbólóhùn àpẹẹrẹ fún èyí èkejì. Wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, inú slaver àwọn Potogí ni ó sì wà nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Òun kan náà ni ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843.

Nígbà tí atẹ̀wé fi abala àyẹ̀wò ránṣẹ́, tí òun náà ń jẹ́ proof, lẹ́tà tí ó lò kò gba àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, gbogbo itọ́ sì ti di ito. Òǹkàwé lè kà á sí ìtọ̀, ọmọ tí ó ń hu eyín yóò sì di ẹni tí ń fi ẹnu tọ̀. Mo yí i sí irú lẹ́tà tí ó gba àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, mo fi PDF ránṣẹ́ dípò fáìlì Word, mo sì ní kí olùkọ́ kan máa kà á sókè bí mo ṣe ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Slobber, tí òun náà jẹ mọ́ kí itọ́ máa dà lẹ́nu, nìkan ni mo yọ kúrò, nítorí pé n kò rí i nínú ìbéèrè ìdánwò kankan. Àyè rẹ̀ ni mo fún evidence, tí àwọn olùkọ́ kò tilẹ̀ kọ sínú ìwé wọn.